Ọwọ́ Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Èjìká Ẹ̀gbọ́n Mi

Ilé ìtura kan wà ní Kreuzberg, ní ìlú Berlin, tí mo ti ń tún yàrá ṣe, ọdún keje rèé. Yàrá mẹ́rìnlá ni wọ́n máa ń pín fún mi láàárọ̀, bí mo bá sì ti ṣílẹ̀kùn ni mo máa ń mọ irú ẹni tó sùn níbẹ̀. Àwọn àlejò kan wà tó jẹ́ pé apá kan bẹ́ẹ̀dì nìkan ni wọ́n ń sùn sí. Apá kejì, wọ́n á tẹ́ ẹ dáadáa, wọ́n á gbé ife kọfí àti ìwé kan lé e, nítorí fọ́tò. Mo ti bá búrẹ́dì pàdé rí tí wọ́n tò yí àwo ká bí òdòdó, tó ti gbẹ, tí eyín kankan kò kàn án. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn nínú ara mi. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà kò sàn jù wọ́n lọ.

Ní ọdún kejì tí mo dé ibi iṣẹ́ yẹn, mo parí yàrá kan ní òkè pátápátá. Fèrèsé rẹ̀ ga láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo ìlú sì tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ rẹ̀. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo dúró níwájú fèrèsé náà nínú búláòsì mi, mo ya ara mi. Nígbà tí mo délé, mo gé bẹ́ẹ̀dì kúrò nínú fọ́tò náà, mo sì pa kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń kó ọṣẹ àti aṣọ ìnura kiri rẹ́, nítorí ó hàn nínú dígí. Mo fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kejì.

"Pálọ̀ rẹ mà dára o! Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ níbẹ̀."

N kò sọ pé pálọ̀ mi ni. N kò sì sọ pé kì í ṣe pálọ̀ mi. Mo ní, "Àmín, Mọ́mì."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́, tí mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe lórí fóònù: bí wọ́n ṣe ń sọ ojú ọ̀run tó ṣú di búlúù, bí wọ́n ṣe ń yọ ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ kúrò láìsí àpá. Ọwọ́ mi yá sí i débi pé àwọn obìnrin ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí kó fọ́tò wọn wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí mi, fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Olùkọ́ ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn àti ọkọ wọn yóò wá kí mi. Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, wọ́n wá, ṣùgbọ́n àwọn nìkan ni. Wọ́n ní ọkọ wọn kò rí ìsinmi gbà níbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ lò lọ́dọ̀ mi.

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, kí a tó dì mọ́ra rárá, wọ́n na fóònù sí mi. "Yà mí níhìn-ín kí ojú mi tó rẹ̀ jù báyìí lọ." Mo yà wọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó kí ara wa.

Ilé tí mo ń gbé ní Gesundbrunnen wà ní Hinterhof, ìyẹn ilé ẹ̀yìn tó kọjú sí àgbàlá tí wọ́n ń to ike ìdalẹ̀nù sí. A gun àtẹ̀gùn mẹ́rin pẹ̀lú àpótí méjì. Yàrá kan ṣoṣo ni, ìdáná wà ní igun kan, fèrèsé sì kọjú sí ògiri ilé kejì. Àǹtí mi dúró láàárín yàrá, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Fèrèsé yẹn dà?"

"Fèrèsé wo, Àǹtí mi?"

"Èyí tó wà ní pálọ̀."

Mo wo ilẹ̀. "Ilé ìtura tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni, mà."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ń retí ìbáwí, nítorí àwọn ni àkọ́bí, wọn kì í sì fi ọ̀rọ̀ sínú. Ṣùgbọ́n wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn bàtà wọn ni. "Kò burú," ni wọ́n wí. "Mọ́mì ò gbọdọ̀ gbọ́." Ìtura tó bá mi lọ́jọ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò bi ara mi léèrè ìdí tí wọ́n fi tètè dárí jì mí.

Ọjọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀. Àpótí kan nínú méjèèjì, aṣọ fọ́tò ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. A lọ sí ẹnubodè ńlá olópòó tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Berlin. A lọ sí ibi tí ó kù lára ògiri tó pín ìlú sí méjì láyé àtijọ́. Mo ti ń fẹ́ sọ fún wọn nípa àwọn tó kú níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti gbà á kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ náà máa ń ká mi lára, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́wọ́ sókè. "Dákẹ́ ná, oòrùn ń lọ." Mo yà á ní ìgbà ogún. Wọ́n gba fóònù, wọ́n fi ìka na ojú ara wọn kó tóbi, wọ́n dá a padà fún mi: "Tún un yà, ọrùn mi kò dára." Nígbà tí ọ̀kan bá sì ti dára, "Ó yá, ká máa lọ."

Báyìí la ṣe ń kó ìlú náà. Oúnjẹ á tutù kó tó kan ẹnu, nítorí wọn ò tíì rí igun tó yẹ láti yà á. Ní ìrọ̀lẹ́, a óò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, orí wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí fóònù, èmi á máa tún un ṣe, àwọn á máa pàṣẹ. Yọ obìnrin yẹn kúrò. Dín ikùn mi kù. Má jẹ́ kí wọ́n rí i pé òjò rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbé ọ̀kan tí mo ti parí fún wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ibí yìí mà dára o. Ọjọ́ wo la débẹ̀?"

"Àárọ̀ yìí ni, Àǹtí mi."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé irọ́ ni mo ń pa.

Ohun tó ń dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé n kò sí nínú fọ́tò kankan. Mo bẹ ẹni tó ń kọjá lọ pé kó ya àwa méjèèjì. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, wọ́n di èjìká mi mú, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo rí i pé wọ́n ti pa á rẹ́. N kò sì rí ohun tí wọ́n ń gbé sí sítátọ́ọ̀sì wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ mo máa ń rí i tẹ́lẹ̀. Bí Mọ́mì bá pè, wọ́n á mú fóònù jáde sí ojú àtẹ̀gùn, wọ́n á sì fa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Mọ́mì pé kí wọ́n má ṣe pe fóònù tèmi, pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ojú mi ló ń tì wọ́n. Mo tún sọ fún ara mi pé wọ́n ń ròyìn yàrá mi fún Mọ́mì. Bẹ́ẹ̀ yàrá ọ̀hún kò tó nǹkan, kò síbi tí èèyàn lè gbà yẹra fún ẹnì kejì. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sí orí ibùsùn tí mo tẹ́ sílẹ̀, kí n kọjú sí ògiri, kí n máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka ra fóònù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a wọ ọkọ̀ lọ sí Hamburg. Màmá kan láti ẹ̀ka ìjọ wa níbẹ̀ ló gbà wá lálejò fún ọjọ́ mẹ́ta, ní Steilshoop, níbi tí ilé gogoro pọ̀ sí. Ilé àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ lẹ́nu wọn kó tó jáde. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a débẹ̀, wọ́n mú wa lọ sí èbúté, a wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé èrò kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ ńláńlá. Òjò ń wẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbá omi sí wa lójú. Léèsì funfun ni Àǹtí mi wọ̀, wọn ò sì gbà láti wọ jákẹ́ẹ̀tì.

"Òtútù á mú yín, mà," ni mo wí.

"Bí mo bá wọ nǹkan dúdú yìí, kí ni wọ́n máa rí?"

Wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ irin ọkọ̀, wọ́n ń gbọ̀n. Bí mo bá gbé fóònù sókè, ẹ̀rín á yọ, ojú wọn á tàn bí ti ọmọge. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀rín náà á kú. Màmá tó gbà wá lálejò ra búrẹ́dì ẹlẹ́ja fún wa, wọ́n jẹ tiwọn tán, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ṣé iwájú fóònù nìkan ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti máa ń rẹ́rìn-ín ni?"

"Ó rẹ̀ wọ́n ni, mà."

"Hẹn," ni wọ́n wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá ti lọ síbi iṣẹ́, Àǹtí mi sì wà ní balùwẹ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì ní ìdáná, fóònù wọn wà níwájú mi, nítorí wọ́n ní kí n máa bá wọn tún àwọn fọ́tò àná ṣe. Ó dún. Mọ́mì ni. Mo gbé e láìronú, ojú Mọ́mì sì kún inú fóònù.

"Ha, ìwọ lo gbé e? Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Wọ́n ń wẹ̀."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Fún un ní fóònù kí n kí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti débẹ̀ ni mo ti ń bèèrè rẹ̀. Lónìí ó ń sùn, lọ́la ó ti jáde kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì."

Mo wo ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Omi ṣì ń dà.

"Ṣé o ń gbọ́ mi? Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ní."

"Wọ́n lọ ra omi, Mọ́mì."

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó kàn jáde ni, bí ẹni pé ó ti wà lẹ́nu mi látàná.

"Bá mi kí i dáadáa. Mo rí gbogbo fọ́tò yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ọkọ òun ló ń yà á. Ó mà mọ̀ ọ́n yà o! Èèyàn á mọ̀ pé ẹni tó mú fóònù yẹn dání fẹ́ràn ẹni tó ń yà."

Mo ní mo máa kí wọn. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Àǹtí mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, omi ń kán láti irun wọn sílẹ̀.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní wọ́n lọ ra omi."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. "Oṣù mẹ́jọ nìyí tó ti kó jáde."

"Ṣé obìnrin mìíràn ni?"

"Ì bá sàn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Sátidé kan ló jókòó sórí àga, ó ní ó ti rẹ òun. Mo ní kó lọ sùn. Ó ní kì í ṣe oorun." Wọ́n fi etí táwẹ́ẹ̀lì nu ojú. "Abẹ́òkúta ló wà báyìí. Mo sọ fún Mọ́mì pé iṣẹ́ ló gbé e lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Fún ta? Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ àwọn abilékọ ní ìjọ. Èmi ni wọ́n ń kó àwọn tọkọtaya tó ń jà wá bá. Mo sì ti sọ fún gbogbo ayé pé èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Jámánì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì padà?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n fi sítátọ́ọ̀sì wọn hàn mí. Lábẹ́ fọ́tò tí mo yà ní iwájú ilé ìtura wa, tí mo ń sá pamọ́ kí ẹlẹgbẹ́ mi má bàa rí mi, wọ́n kọ ọ́ pé: Òtẹ́ẹ̀lì wa rèé, èmi àti olówó orí mi. Lábẹ́ ti oúnjẹ: Ó ní dandan ni kí n jẹ ẹja. Gbogbo ibi tí mo dúró sí tí mo gbé fóònù sókè, ọkùnrin kan ni wọ́n fi síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbọdọ̀ hàn.

"Ẹ sọ fún Mọ́mì nìkan," ni mo bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n wò mí tààrà. "Ìwọ ti sọ ti yàrá rẹ fún wọn?"

Mo fi ọwọ́ nu omi tó kán sórí tábìlì.

"Jẹ́ ká ṣe é báyìí. N ò ní sọ tìẹ. Ìwọ náà ò ní sọ tèmi."

Mo mọ̀ pé pàkúté ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti wà nínú rẹ̀ kí tiwọn tó kó sí i. Mo ní kò burú.

Wọ́n fa fóònù sí ọ̀dọ̀ mi. Àwọn obìnrin ìjọ wọn ti kọ̀wé: Ọ̀gá olùyàwòrán, ẹ jẹ́ kí àwa náà rí yín o! Ó tó bíi mẹ́sàn-án tó kọ irú rẹ̀. "Ṣé o lè fi í sínú ti orí ọkọ̀ ojú omi?" ni Àǹtí mi béèrè.

"Odindi èèyàn kò ní bára mu, mà. Ìmọ́lẹ̀ wọn á yàtọ̀."

"Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ńkọ́?"

Fọ́tò Kérésìmesì kan wà lórí fóònù wọn, èyí tí a yà ní ilé Mọ́mì ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Nínú rẹ̀, ọkọ wọn dúró tì wọ́n, ó gbé ọwọ́ lé èjìká wọn, aago onírọ́bà aláwọ̀ ilẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo gé ọwọ́ náà. Gbogbo àárọ̀ yẹn ni mo fi ṣe é. Mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kó lè bá òjò mu. Mo fi òjìji tín-ín-rín sí abẹ́ ìka kọ̀ọ̀kan, kí ó lè dà bí ẹni pé ó tẹ léèsì mọ́lẹ̀. Mo gé etí fọ́tò náà kó lè jọ pé ẹni tó ni ọwọ́ dúró síta. Ẹ̀rù bà mí bó ṣe dára tó.

Àǹtí mi wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ ara wọn sókè, wọ́n fi kan èjìká wọn, ní ibi tí mo lẹ ọwọ́ náà mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e jáde.

A kò jáde mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìta mọ́lẹ̀ kedere, òjò ti dá, mo sì ní kí a lọ rìn ní etí omi. Wọ́n kọ̀. Nígbà tí màmá fi máa darí dé láti ibi iṣẹ́, àwa méjèèjì ṣì wà nídìí tábìlì, à ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ.

"Ẹ ò jáde rárá?" ni màmá wí. "Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ọ̀nà jíjìn?"

"Fọ́tò ti pé, mà," ni Àǹtí mi dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, ọkọ wọn pè mí. Ó ti tó ọdún kan tí mo gbọ́ ohùn wọn kẹ́yìn. Mo kí wọn, mo ń wá ohun tí mo máa sọ, wọ́n sì dá mi lẹ́nu dúró.

"Aago yẹn ti bàjẹ́ látọjọ́ yìí," ni wọ́n wí. "Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi, ó ní mo kú ìgbádùn Jámánì."

"Ẹ má bínú, sà. Kí ni ẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní ẹ ṣé. Pásítọ̀ náà pè, mo ní ẹ ṣé, sà. Kí ni kí n wá sọ? Kí n dójú ti ìyá àwọn ọmọ mi ni?" Ohùn wọn kò ní ìbínú, ó kàn rẹ̀ wọ́n ni. "Wọ́n ní kí àwa méjèèjì wá dúpẹ́ ní ìjọ lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀. Mo máa lọ. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má fi mí sínú òmíràn mọ́." Mo ṣèlérí fún wọn pé n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọ́n lọ lóòótọ́. Wọ́n wakọ̀ láti Abẹ́òkúta, wọ́n dúró níwájú ìjọ pẹ̀lú Àǹtí mi, wọ́n dúpẹ́ fún ìrìn àjò tí wọn kò rìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n yà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì tó kí ẹnì kẹta dúró sí. Wọ́n kọ ọ́ pé: Bá mi sún wa mọ́ra.

Mo wò ó títí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Mo kọ̀wé padà pé, "Àǹtí mi, ẹ forí jì mí, n kò lè ṣe é." Wọ́n pè mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n bínú. Mo ní mo ti ṣèlérí fún ọkọ wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ kẹta ni Mọ́mì pè mí. Wọn ò kí mi. "Ṣé òótọ́ ni pé yàrá kan lo ń gbé, tí fèrèsé yẹn kì í ṣe tìrẹ?"

"Òótọ́ ni, Mọ́mì."

Wọn ò bú mi. Wọ́n ní mo kú iṣẹ́, wọ́n sì pa fóònù. Láti ìgbà náà, wọn kì í béèrè fọ́tò lọ́wọ́ mi mọ́.

Ó yẹ kí ara tù mí, nítorí kò sí ohun tí mo ń fi pa mọ́ nípa ara mi mọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ti Àǹtí mi, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ báyìí. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo ń gbẹ̀san ni. Ọkọ wọn náà ti wọnú irọ́ náà, níwájú pẹpẹ, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Èmi àti Àǹtí mi ń kí ara wa: ẹ káàárọ̀, ṣé àlàáfíà ni, ó tán. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Mọ́mì á pè mí, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè òtútù, wọ́n á sì dẹ ohùn wọn sílẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ rìn.

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń gbúròó ara yín?"

"Wọ́n wà dáadáa, Mọ́mì," ni mo máa ń wí. "Wọ́n ní kí n kí yín."